Ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì, n'Ìbàdàn àti ní Leeds

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, nílé ìwòsàn ìjọba, òun náà ni mo ń ṣe ní Leeds, nílẹ̀ England, báyìí. Bí àwọn ará ilé bá bi mí pé kí ló yàtọ̀, owó oṣù àti òtútù ni wọ́n ń retí pé kí n sọ. Ìbọ̀wọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Nílé, bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé lóru, bébà ni mo máa kọ́kọ́ fà. Ìbọ̀wọ́, síríńjì, kánúlà, pílásítà, dírípù: n ó kọ gbogbo rẹ̀ lé ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ á sáré lọ sí kẹ́míìsì tó kọjú sí géètì, á tún sáré padà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo la lè yọ nínú rẹ̀? Owó ọwọ́ wa ò tó." Ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ọwọ́ mi sì yá, àmọ́ kò sí ohun tí n ó fi ṣe é. Wọ́n á wá ní nọ́ọ̀sì ìjọba ò láàánú.

Níbi tí mo wà báyìí, inú àpótí méjì ni wọ́n ń kó irú ọjà kọ̀ọ̀kan sí ní yàrá ẹrù wọ́ọ̀dù. Bí ti iwájú bá tán, a ó yọ ọ́ kúrò, a ó fa ti ẹ̀yìn síwájú. Òṣìṣẹ́ kan á wá fi ẹ̀rọ kékeré ka àmì tó wà lára àpótí òfìfo náà, ọjà á sì dé kí èkejì tó tán. Aláìsàn ò mọ iye tí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Owó ẹni tó ń kó ọjà wá ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ní England, NHS Supply Chain, àjọ tó ń ra ọjà fún ilé ìwòsàn ìjọba, ló ń bá àwọn ọlọ́jà dúnàádúrà lápapọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlànà sì wà pé kí wọ́n sanwó ọjà láàárín 30 ọjọ́. Nílé, agbaṣẹ́ṣe lè kó ọjà wá lónìí kó máa retí owó rẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Bó bá tún máa kó ọjà wá, á ti bu owó ìdúró lé e. Òmíràn ò tiẹ̀ ní yọjú mọ́.

Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti wà láti 2007. Ètò tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fọwọ́ sí ní Bamako, ní Mali, ní 1987 náà dára: owó tí a bá pa lórí òògùn òní la ó fi ra ti ọ̀la. Àmọ́ bí ọ̀gá kan bá bu nínú owó náà ra epo jẹnẹrétọ̀, tí kò rí i dá padà, òògùn á tán lórí pẹpẹ. N kò lè dá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi tán, torí wọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ lókùnkùn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn òyìnbó náà rí. Nígbà kòrónà ní 2020, àwọn nọ́ọ̀sì kan níbí fi ọ̀rá ìdalẹ̀nù bora, torí aṣọ ààbò ti tán. Ìjọba wá ya ọ̀nà sọ́tọ̀ láti tètè gbọ́ ti àwọn oníṣòwò tí àwọn olóṣèlú júwe, tí wọ́n fẹ́ gbaṣẹ́ kíkó aṣọ ààbò wá. Ilé ẹjọ́ gíga sọ ní oṣù kìíní ọdún 2022 pé ọ̀nà náà lòdì sófin. Ọ̀pọ̀ ẹrù tí wọ́n rà nígbà yẹn ni wọn ò rí lò nílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, bí aṣòfin yín bá tún wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tuntun, ẹ bá mi bi í pé: èló ni ilé ìwòsàn yìí jẹ àwọn tó ń kó òògùn wá, ìgbà wo ni wọ́n sì san án kẹ́yìn?