Yàrá Rẹ Ṣì Wà Níbẹ̀

Nínú Micra ni mo ti gbọ́ ọ lánàá, kò sì tíì kúrò létí mi. Obìnrin kan tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà ló ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Ó kàn ní, "Yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀ o. Mi ò kó nǹkan kan kúrò níbẹ̀." Ó gbọ́ èsì díẹ̀, ó ní "ẹn-ẹ́n," ó pa fóònù. Nígbà tá a dé Challenge, òun àti dẹ́rẹ́bà fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ iléèwé tó fẹ́ wá lo ìsinmi. Ó lè jẹ́ ọmọkùnrin tí owó ilé ti wọ́ lọ́rùn l'Ékòó. Ṣùgbọ́n inú tèmi ti sọ fún mi pé ọmọbìnrin ni, pé ilé ọkọ ló ti ń pè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ mọ ìdí tí ọkàn mi fi sáré lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ, pè láàárọ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ ti mókè díẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀ látàárọ̀, wọn ò mú iná wá, aṣọ tí mo fọ̀ ò gbẹ. Ọjọ́ òní nìyẹn.

Mo wá jókòó, mo ń ro gbogbo ìyá tí mo ti bá pàdé nínú ìwé ìtàn, pé èwo nínú wọn ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ rẹ̀ obìnrin rí. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ọkùnrin ti ni ilé, tó ni ilẹ̀, tó tún ni ẹjọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ní lọ́wọ́ kò ju pé kó kọ́ ọmọ bó ṣe máa rọ́jú. Fara dà á. Dákẹ́. Má jẹ̀ẹ́ káyé gbọ́. Tí ìyá bá ti sọ ìyẹn tán, ó ti ṣe ipa tirẹ̀.

Bíi Nana, nínú *A Thousand Splendid Suns* tí Khaled Hosseini gbé jáde lọ́dún 2007. Ìta ìlú Herat, ní Afganísítàànì, ni òun àti Mariam ọmọ rẹ̀ ń gbé, nínú ahéré kan. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe nílé Jalil, olówó ìlú, kí Jalil tó fún un lóyún. Ìyàwó mẹ́ta ti wà nílé olówó. Ahéré ni wọ́n lé Nana lọ. Mariam dàgbà, ó ní òun fẹ́ lọ síléèwé. Nana ní kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ irú wọn níbẹ̀? Ó ní ohun kan ṣoṣo ni obìnrin bíi tàwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ láyé, ìyẹn ni kó máa fara dà á.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo bínú sí i débi pé mo pa ìwé dé. Irú ìyá wo nìyí? Ìbínú yẹn ti rọlẹ̀ báyìí. Àbí kò tíì rọlẹ̀ tán. Torí pé kí ni Nana ní tó lè fún ọmọ? Ahéré yẹn, Jalil ló kọ́ ọ. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, ọ̀dọ̀ Jalil ló ti ń wá. Yàrá wo ni Nana fẹ́ sọ pé ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹni tí kò ní òrùlé, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló lè fi bo ọmọ rẹ̀, òun náà sì fi bò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà korò bí jogbo.

Nígbà tí Mariam pé ọmọ ọdún 15, ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá bàbá rẹ̀ ní Herat. Bàbá ò jẹ́ kó wọlé. Ìta ló sùn mọ́jú. Kí wọ́n tó fi mọ́tò gbé e padà, Nana ti pokùnso. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó Jalil fi rí ọkọ fún un, Rasheed, oníṣẹ́ bàtà kan ní Kabul tó dàgbà tó láti bí i lọ́mọ. Wọ́n ṣe é kíá bí ẹni ń kó ìdọ̀tí síta.

Yàrá Ẹ̀gbọ́n nílé wa, àpò gàrí àti ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà níbẹ̀ báyìí. Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí wọ́n ti kó wọn wọlé. Kò sẹ́ni tó fi ṣe ibi. Àyè ló há. Màmá ní ṣé ká máa wo yàrá lásán ni? Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí apá kejì ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fi mú mi jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni lè ní kí ọmọ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n pé mi ò kó nǹkan kan kúrò níbẹ̀... nínú Ìbàdàn yìí, tó jẹ́ pé wọ́n á ti fi yàrá náà gba ayálégbé! Ìyẹn ni pé ó ti ń retí rẹ̀. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń jó níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n ń ná owó mọ́ ọn lórí, ìyá ọmọ ti ní kọ́kọ́rọ́ kan nínú báàgì. Àbí mò ń kọ ìtàn fún obìnrin tí n kò mọ̀ rí?

Ó ṣeé ṣe.

Ìyá màmá mi mọ ẹkún ìyàwó sun dáadáa. Ará Ìsẹ́yìn ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá ti bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó máa ń sun díẹ̀ fún wa, á sì máa rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Lẹ́kùn Ọ̀yọ́, ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ á lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá, á máa fi ohùn ẹkún dúpẹ́, á máa tọrọ ìre. Tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀, ẹ̀rù pọ̀ nínú ewì yẹn. Ẹ̀rù orogún, ẹ̀rù àìríbí, ẹ̀rù kí wọ́n má fi òun ṣẹ̀sín níbi tí kò ti sí ìyá nítòsí. Kí sì ni ìyá fi ń dáhùn? Àdúrà. Ilé ọkọ á tù ọ́. Wà á bí tibi tire. Wọ́n á gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Àdúrà dáa, èmi náà ń ṣe é. Mi ò kàn gbọ́ ọ rí kí ìyá kan ní tí kò bá wá tù ọ́ ńkọ́. Bóyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ ayọ̀. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní dálémosú kí àṣè tó tán?

Nínú *The Girl with the Louding Voice* tí Abi Daré kọ, èyí tó jáde lọ́dún 2020, ìyá Àdùnní ṣe ju àdúrà lọ. Kó tó kú, ó gba ìlérí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pé kò ní fi ọmọ náà fọ́kọ, pé á jẹ́ kó kàwé. Bàbá ṣèlérí. Ìyá kú. Gbèsè owó ilé wọlé dé, bàbá sì fi Àdùnní, ọmọ ọdún 14, fún Morufu tó ti ní ìyàwó méjì nílé. Mo máa ń ro ìlérí yẹn. Ohun gbogbo tí obìnrin yẹn ní ló fi gbà á, ọwọ́ ẹni tó lè sọ ọ́ nù náà ló sì fi í sí, torí kò sí ọwọ́ mìíràn.

Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màmá mi dáàbò bo àwa náà, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. A ò gbọdọ̀ sùn nílé ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ilé àbúrò bàbá wa. Tí àlejò ọkùnrin bá wọlé, ó ti fojú lé wa wọ yàrá. Ó sì ní bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn wá, oyún nìyẹn! Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa ló gba rúlà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ wa sì kanra. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mò ń wo ikùn mi. Ẹ̀gbọ́n ló là mí lóye nígbẹ̀yìn, àlàyé tirẹ̀ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ péye.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fẹ́ràn Ramatoulaye. Àwọn tó ti ka ìwé Mariama Bâ, ọmọ Senegal, tó jáde lédè Faransé lọ́dún 1979, tí wọ́n ń pè ní *So Long a Letter* lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á rántí ibi tó ti pinnu pé òun á bá àwọn ọmọbìnrin òun sọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀ ní tààrà. Ojú ń tì í, ó ń wá ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ sì ń wò ó bí ẹni pé kí ni màmá ń sọ tí àwọn ò tíì mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín gan-an.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni kò mú ẹ̀rín wá. Aissatou, ọmọ rẹ̀, lóyún fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì nígbà tí òun náà ṣì wà níléèwé. Farmata, alámùúlétì wọn tó máa ń da owó ẹyọ, ló kọ́kọ́ fura. Opó ni Ramatoulaye, ọmọ méjìlá ló bí, ọkọ tó ti pa á tì lọ fẹ́ ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Farmata ń retí igbe, ó ń retí kí ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe máa ń wí i nílé wa níbí, pé bọ́mọ bá dáa, ti bàbá ni, tó bá bàjẹ́, ó di ti ìyá. Ramatoulaye gbá ọmọ mọ́ra. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò fi pamọ́ fún ọ̀rẹ́ tó ń kọ lẹ́tà sí, ṣùgbọ́n ó gbá ọmọ mọ́ra. Òun ló sún mọ́ obìnrin inú Micra jù lọ nínú gbogbo àwọn tí mo ń rò lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé tíṣà ni. Ó ń gbowó oṣù. Ó sì ní ilé. Tàbí ká ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in: lẹ́yìn tí Modou ọkọ rẹ̀ kú ló tó hàn pé ó ti fi ilé tí àwọn méjèèjì jọ fi owó wọn rà dúró ní báǹkì, kó lè rí owó ra ilé fún ìyàwó kékeré. Òrùlé tó wà lórí ọmọ méjìlá! Mo kà á, mo tún un kà. Nana ò ní, Ramatoulaye ní, síbẹ̀ ìwọ̀nba ìbuwọ́lùwé ọkùnrin kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo ti fẹ́ máa sọ pé ìfẹ́ kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ilé ni, owó oṣù ni. Ó dà bí òótọ́ títí tí mo fi rántí ìyá Binetou.

Binetou ni ìyàwó kékeré náà. Ọ̀rẹ́ Daba, àkọ́bí Ramatoulaye obìnrin, ni. Wọ́n jọ ń kàwé fún ìdánwò àṣekágbá ni. Ìyá rẹ̀ ló ń sunkún sí i lọ́rùn pé kó fẹ́ bàbá olówó, kí òun náà lè gbádùn ayé kí òun tó kú. Modou ṣèlérí ilé, ó ṣèlérí Mẹ́kà, ó ní kí ọmọ fi iléèwé sílẹ̀, òun á máa fún un ní 50,000 faranki lóṣooṣù. Ìyá dé inú ilé tuntun. Ó ní yàrá níkẹyìn. Yàrá tó fi ọmọ rà ni.

Mo kórìíra obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń bi ara mi pé ṣé kò ní sọ pé òun ń dáàbò bo ọmọ òun ni? Lọ́wọ́ ìṣẹ́. Lọ́wọ́ yàrá kótópó tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé dàgbà. Ó ṣeé ṣe kó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Bó bá sì gbà bẹ́ẹ̀, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí Nana, ẹni tí mò ń bá wá àwíjàre láti òwúrọ̀? Nana kò gba nǹkan kan lórí Mariam. Ìyẹn ni èsì tí mo rí, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Mariam náà nìyẹn o, tí wọ́n kọ́ ní ìfaradà láti kékeré. Rasheed tún fẹ́ Laila, ọmọ ọdún 14, lé e. Orogún ni wọ́n, inú sì ń bí Mariam sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Rasheed ń fún Laila lọ́rùn, Mariam gbé ṣọ́bìrì, ó fi pa Rasheed. Ó wá dúró gba ìdájọ́, kí Laila àtàwọn ọmọ lè ráyè lọ. Pápá ìṣeré ní Kabul ni àwọn Taliban ti pa á. Kò sí ọmọ kankan tó bí tó yè, síbẹ̀ ta ló ṣe ìyá tó o nínú ìwé yẹn? Mi ò sì lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ Nana ló já síbẹ̀ ni àbí ibẹ̀ gan-an ló ti múlẹ̀. Ó fara da gbogbo rẹ̀ títí tó fi kan ẹlòmíì.

Nígbà tí Modou kú, Daba àti ọkọ rẹ̀ ló lé ìyá Binetou jáde nínú ilé náà. Obìnrin yẹn sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, Daba ò gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀mí mi balẹ̀, mo ní ó tọ́ sí i. Ó ṣì tọ́ sí i lójú mi. Binetou nìkan ni mi ò mọ ibi tí mo lè fi sí. Gbogbo ìyá tó wà nínú ìtàn yẹn ló ń jà fún ọmọ tirẹ̀, Daba ń jà fún ìyá tirẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò jà fún ló wà láàárín wọn.

Mo fẹ́ yá Màmá ní ìwé náà tó bá wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti mọ ohun tó máa wí: ta ló ráyè máa ka lẹ́tà ẹlẹ́tà.