Lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé l'Ékòó báyìí, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ ti di mẹ́ta, tí yàrá kan àti pálọ̀ kò gbà yín mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fa ṣéènì lára irin ní àdúgbò wa, àyà mi máa ń já.

Mushin la ti wá. Ọdún mẹ́jọ la lò nínú ilé olójúlé méjìlá kan tí kò jìnnà sí ọjà Ojúwoyè, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí èèyàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ láràárọ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ nípa Mushin. Èmi náà sọ ọ́, ìyẹn la ṣe kó kúrò. Àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti lè fi òórùn dá igbó tí wọ́n ń fà lójúde mọ̀. Ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ìjú la dojú kọ, reluwé ló sì gbé wa débẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí reluwé Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, kò sí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà wa tí kì í sọ̀rọ̀ Ìjú àti Agbádó. Ibùdókọ̀ kan wà ní Ìjú, òmíràn wà ní Mushin. Aṣọ ọmọdé ni mo ń tà ní Ojúwoyè, ọkọ mi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Èmi á sọ̀ ní Mushin, òun á sọ̀ ní Yaba kó wọ danfó. A jókòó, a ṣírò owó ọkọ̀, inú wa dùn.

Ilé náà dára, n kò ní parọ́. Yàrá mẹ́ta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, omi ẹ̀rọ nínú ọgbà. Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà lọ́dún. Ajẹ́ntì gba ìdá mẹ́wàá, ìwé àdéhùn gba ìdá mẹ́wàá, owó ìtúnṣe tí wọ́n ń pè ní caution jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀: 1,540,000 náírà kí a tó gbé ìkòkò kan wọlé. Onílé kọ́kọ́ fẹ́ gba ọdún méjì. Ọkọ mi ní òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà á láyè láti gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Onílé rẹ́rìn-ín títí, ó sì gba ọdún kan nígbà tó yá.

Ohun tó wú mi lórí jù ni géètì. Èyí ńlá kan wà lẹ́nu àdúgbò, irin rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ó ní ẹnu ṣóńṣó lókè. Kékeré kan tún wà níwájú kúlọ́ọ̀sì tiwa. Ajẹ́ntì nawọ́ sí i bí ẹni tó ń fi mọ́tò tuntun hàn: "Màmá, olè kankan ò lè wọ ibí. Aago mọ́kànlá alẹ́ la ń tì í, márùn-ún ìdájí la ń ṣí i." Mo ní a dúpẹ́ o. Mo wo géètì tí wọ́n fẹ́ fi há mi mọ́, mo sì dúpẹ́. N kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Oṣù kẹrin tí a débẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Àlàní, àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, ti ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́. Mo ti fún un ní parasítámọ̀, mo fi aṣọ tútù nù ún lára, ó sùn. Ní aago méjì òru ku ogún ìṣẹ́jú ni mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń mì. Mo rò pé ọkọ mi ló ń yíra padà. Mo fọwọ́ kan ọmọ, ó ti le gbagidi. Ojú rẹ̀ yí sókè, ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Gìrì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, n kò fojú rí i rí. Mo ń pariwo, "Àlàní, Àlàní ọkọ mi, dá mi lóhùn," ọkọ mi já a gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré jáde láìwọ bàtà.

Géètì kékeré kò ní àgádágodo, a ṣí i. Ti ńlá ni ṣéènì yí po. Bàbá ọlọ́dẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú. Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn, ọmọ ń kú lọ." Bàbá ní kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ òun, pé ọ̀dọ̀ alága àwọn onílé ló ń sùn. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn alága. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn yọjú lójú fèrèsé: wọ́n lọ ìnáwó n'Íjẹ̀bú-Òde láti àárọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lára ti mọ́tò wọn. Èkejì ńkọ́? Ọwọ́ akọ̀wé. Akọ̀wé bá wọn lọ sí ìnáwó náà. A pe fóònù títí, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Àyè ìsàlẹ̀ géètì náà kò gba orí ọmọ. Ọkọ mi gba ìró tí mo ró, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ́ ẹ sórí ẹnu ṣóńṣó yẹn, ó gùn ún. Irin gún un ní àtẹ́lẹwọ́, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó bọ́ sí òdì kejì, ó gun ẹsẹ̀ irin géètì padà sókè, ó na ọwọ́. Bàbá ọlọ́dẹ gbé àpótí tó ń jókòó lé wá, ó dì í mú, mo gun orí rẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀rì lára mi, mo gbé ọmọ sókè. Ìgbà kan wà, bóyá kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, tí Àlàní ti kúrò lọ́wọ́ mi tí kò sì tíì dé ọwọ́ bàbá rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kan irin, ó dún kọ́. Ohùn yẹn ni mo ń gbọ́ tí n kò fi rí oorun sùn di òní.

Bọ́ọ̀sì oníbúrẹ́dì kan ló gbé wọn. Ó ń kó búrẹ́dì lọ sí Fágbà, ó rí ọkùnrin tó gbé ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró. Mo gbọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti inú géètì níbi tí mo di irin mú sí. Èmi kò lè gùn ún, àwọn ọmọ méjì yòókù sì wà nílé nìkan. Mo dúró síbẹ̀ títí di aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú tí géètì ṣí. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ṣí i? Alága. Ó ti ìnáwó dé, ó fọn fèrè mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ó ní, "Ìyàwó, kí lẹ ń ṣe níta lóru báyìí?"

Ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gìrì náà ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó dé ọsibítù, ibà ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n dá wọn dúró fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì dé. Ó ń fi fóònù mi gbálẹ̀ bí mo ṣe ń wí yìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: kí ẹ tó sanwó ilé kankan ní àdúgbò onígéètì, ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Ẹ má bi ajẹ́ntì, irọ́ ni yóò pa. Ọlọ́dẹ ni kí ẹ bi. Ẹ lọ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ ra ohun mímu tútù fún un, ẹ ní, "Bàbá, bí aboyún bá ń rọbí báyìí ńkọ́?" Bó bá họ orí, ẹ máa lọ.

Èkejì, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ayálégbé láyè nínú ìpàdé wọn. Tiwa, onílé nìkan ló ń wọlé. Àwa ń san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù, àwa la ń sanwó àtúnṣe géètì, a kò sì lè dá sí i bí wọ́n ṣe ń tì í. Mo lọ bá alága lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ọlọ́dẹ kan ló ṣílẹ̀kùn fún olè nígbà kan, ìdí tí wọ́n fi gba kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ilé ogójì kò lè pín kọ́kọ́rọ́ méjì, kí méjèèjì sì jọ lọ jẹ ìrẹsì n'Íjẹ̀bú. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò.

Ẹlòmíràn ti bi mí pé kí ló dé tí n kò pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì. N kò rántí ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá le gbagidi mọ́ ọn lọ́wọ́, kó wá sọ nọ́ńbà tó rántí fún mi. Àti pé bí ọkọ̀ wọn bá tilẹ̀ dé, ta ni yóò ṣí géètì fún wọn? Ìyá ọkọ mi náà ní bí a bá ní mọ́tò, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Màmá, ẹ máà bínú, ṣé mọ́tò ń fò ni?

Ohun tí dókítà sọ fún ọkọ mi wúlò: bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ dà á dúbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má ro ohunkóhun sí i lọ́nà ọ̀fun. Aládùúgbò wa kan ti gbé ṣíbí àti ìgò àgbo jáde lóru ọjọ́ náà. Inú rere ló fi ṣe é.

Ẹ tún lọ wo ibẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ wo ara ògiri bóyá omi ti fa ìlà sí i. Ti reluwé, ó dára, ẹ sáà gba káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, ṣùgbọ́n bó bá já yín sílẹ̀ láàárọ̀, ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Kì í sì í rìn lóru. Kò sí ohun tó ń rìn lóru níbi tí wọ́n bá ti ti géètì.

Ẹ má sì bú Mushin fún mi mọ́. Nígbà tí ikọ́ líle gbé ọmọ mi kejì lóru níbẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ṣí kí n tó dé pásééjì. Nọ́ọ̀sì wà ní yàrá keje, ọmọ onílé gbé ọ̀kadà jáde. Ariwo tí mo ń sá fún ni ó gbọ́ ariwo mi.

Ọdún wa kò tíì pé ní Ìjú, ṣùgbọ́n mo ti ń wá ibòmíràn. Lánàá ni ajẹ́ntì kan mú mi lọ sí Abọ́rù. Ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dà, ó ń fi yàrá hàn mí, èmi ń wo ẹnu ọ̀nà àdúgbò. Mo bi í nípa kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun á wádìí. Mo tún bi í. Ó dúró, ó wò mí: "Màmá, ṣé ilé lẹ fẹ́ gbà ni àbí géètì?"

Mo ní géètì.