Màámi Kì Í Ṣe Orísun

Ẹ má pè mí sí ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín mọ́ o. Ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ ti tó gẹ́.

Mo wà lára àwọn tó ń kọ Wikipedia Yorùbá, ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, èyí tó ti wà láti ọdún 2002. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wa. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ náà ni ìjà ibẹ̀. Lálẹ́ Sátidé kan, mo ṣí ojú ewé mọ́ínmọ́ín, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbọnmọgbọnmọ pé ewé eéran la fi ń pọ́n ọn. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo lọ sùn bí ẹni tó tún ayé ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnìkan ti fi “tàbí agolo” kún un. Agolo! Mo yọ ọ́. Ó dá a padà. Mo tún yọ ọ́. Ó tún dá a padà, ó wá fi ọ̀rá lé e. Ìjà ewé lórí ojú ewé. Bí ẹ bá tẹ “Wo ìtàn” níbẹ̀, ẹ ó rí wa bí ọmọdé méjì tó ń já búrẹ́dì gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ti Gẹ̀ẹ́sì, òfin wà: ẹni tó bá yí iṣẹ́ ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lórí ojú ewé kan láàárín wákàtí 24, wọ́n lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Mo mọ òfin yẹn dáadáa, torí náà mo dúró lórí ẹ̀kẹta. Ọmọlúàbí ni mí. Mo wá gba ojú ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ, ibi tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ lọ.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, agolo kì í ṣe àṣà wa.”

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni orísun yín?”

“Ìyá mi. Ó ti lé ní ọdún 30 tí wọ́n ti ń ta mọ́ínmọ́ín n'Íbàdàn.”

“Ẹ má bínú. Ìyá yín kì í ṣe orísun tó ṣeé gbára lé.”

Mo dìde lórí àga. Mo mọ̀ pé òfin ló ń sọ: ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí èèyàn lè yẹ̀ wò, kì í ṣe ohun tí a gbọ́ nídìí ààrò. Èmi gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, kí ẹ wá sọ fún mi pé kì í ṣe èébú.

Mo pe Màámi.

“Ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ẹ ò ṣeé gbára lé, Mà.”

“Èmi? Èmi tí gbogbo àdúgbò ń gbára lé lọ́jọ́ ìkómọ? Kí lẹ jọ ń fà?”

“Ó ní wọ́n ń fi agolo se mọ́ínmọ́ín. Mo ní irọ́ ni, ewé nìkan ni.”

Kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé owó orí fóònù ló tán.

“Àkànní, ìgbà wo lo wálé kẹ́yìn?”

“Nígbà Kérésì, Mà.”

“Kí lo jẹ?”

Mo ronú. Mọ́ínmọ́ín ni mo jẹ. Ó ga, ó rí roboto, ìlà agolo sì yí i ká látòkè délẹ̀. Mẹ́ta ni mo jẹ, mo tún gbé méjì dání.

“Ewé ti wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi agolo mílíìkì sè é. Lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ.”

Ọwọ́ ara mi ni mo fi dá “tàbí agolo” padà. Níbi tí a ti ń kọ ìdí àtúnṣe, mo kọ ọ́ pé: “Orísun ti yẹ ohùn.”

Kò pẹ́ tí òun náà fi yọ ọ̀rá kúrò. Ó ní inú ló ń bí òun tóun fi kọ ọ́. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ bá mi kí orísun o.”