Iṣẹ́ òkè òkun bọ́, ẹ ti dé Ìbàdàn: ìwé tó yẹ ní kíkà àti bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn kíkọ

Bí ilé-iṣẹ́ bá yọ ọwọ́ lára ẹni tí ìwé iṣẹ́ wọn mú wọ UK, ìjọba sábà máa ń gé fisà rẹ̀ kù sí 60 ọjọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wà lórí fisà iṣẹ́ H-1B náà kì í rí ju 60 ọjọ́ lọ tí iṣẹ́ bá ti bọ́, àfi bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá tètè gbà á. Nínú 60 ọjọ́ yẹn ni ọmọ Ìbàdàn púpọ̀ ti ń pinnu pé ó yá, ilé yá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á kún fún ẹ kú àbọ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ilẹ̀ á mọ́, kò ní sí ṣífù tó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Àsìkò yìí ni àwọn kan máa ń rántí pé àwọn fẹ́ràn ìwé nígbà kan, pé àwọn tilẹ̀ sọ pé àwọn á kọ ìtàn lọ́jọ́ kan. Àwọn là ń bá sọ̀rọ̀.

Èrò wa ni pé iṣẹ́ tó bọ́ yẹn gan-an ni ẹrù tó níye lórí jù tí ẹ gbé bọ̀. Ìtàn yìnyín àti ti pápákọ̀ òfuurufú ti pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, méje, etí rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ padà wálé. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kàwé kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Oládẹ̀jọ Òkédìjí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Làpàdé, akọni ìwé méjèèjì, ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Aṣọ ìjọba ti kúrò lára rẹ̀, ọgbọ́n iṣẹ́ kò kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ẹ wò níbẹ̀. Ẹ mú orí ìwé kan, ẹ fi bíró pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ènìyàn méjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ wá wo bí ẹ ṣe ń dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀ láìjẹ́ pé òǹkọ̀wé ń dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọwọ́ bo ìwé, kí ẹ gbìyànjú láti kọ ìjíròrò kan náà látorí. Ibi tí tiyín bá ti gùn ju tirẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ẹ ti ń ṣàlàyé ohun tí òǹkàwé ti mọ̀.

Èyí tí a fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas ń tẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 sí 1930. Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀: obìnrin kan tí àìsàn dá wó ń kọ̀wé sí olóòtú, ó ń ròyìn ayé tó ti jẹ kọjá. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin gidi ni. Karin Barber tún un tẹ̀ ní 2012, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ìdí tí lẹ́tà fi dára fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro: ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ohùn yín kò ní máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ 500, kí ẹni tó ń kọ ọ́ má jẹ́ ẹ̀yin. Ó lè jẹ́ ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi dá yín dúró, kí ó máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ gbà wá gbọ́, ó máa ń dun ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ń tú ìbínú sílẹ̀ ju kí ẹ máa bú ọ̀gá náà fún ojú ìwé ogún lọ.

Fagunwa ńkọ́? Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938 yẹ ní kíkà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi jèrè rẹ̀ láìdi ayédèrú Fagunwa. Wole Soyinka túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ka ìpínrọ̀ kan sókè ní Yorùbá, kí ẹ ka ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì padà sí Yorùbá. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi á gbọ́ bí gbólóhùn Yorùbá ṣe ń kó ọ̀rọ̀-ìṣe jọ, tí yóò mú, gbé, lọ, fún, láìwá àsopọ̀ kankan. Ẹ má ṣe kọ sípẹ́lì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ o: “aiye” àti “enia” ti di “ayé” àti “ènìyàn” látìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tuntun ní 1974. A ti rí ìtàn tó dára tí àkọtọ́ méjèèjì dà pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀, olóòtú kì í ní sùúrù fún un.

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974, wà fún ẹni tó fẹ́ kọ nípa ìfẹ́ àti Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí a máa fi kún un ni The Secret Lives of Baba Segi's Wives ti Lola Shoneyin, 2010: Ìbàdàn ni, ohùn àwọn ìyàwó sì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn.

Fún ìwé tuntun, ẹ lọ sí Magazine Road ní Jericho; àwọn ilé ìtẹ̀wé àti ilé ìtàwé wà ní àdúgbò yẹn. Bí ẹ bá ń rajà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù, ẹ ṣí ìwé náà yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, nítorí ojú ìwé máa ń ṣáko lọ, fọ́tókópì tí àmì ohùn rẹ̀ ti parẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn Yorùbá ayé àtijọ́ wà ní National Archives, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ó ku kíkọ. Amos Tutuola ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì. Ogun parí, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó ló rí ṣe, ibẹ̀ ló sì ti kọ The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Nígbà tó yá, Ìbàdàn yìí náà ló fìdí kalẹ̀ sí.

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé oní 60 léèfù. Ojú ìwé 10 àkọ́kọ́ kì í ṣe fún ìtàn, ti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ kọ irinṣẹ́, ariwo, òórùn, ohun tí wọ́n ń bá yín wí sí, ohun tó máa ń bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó ṣe kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, mọ ẹ̀rọ hoist tí wọ́n fi ń gbé arúgbó láti orí ibùsùn bọ́ sórí àga. Ènìyàn méjì ló sábà máa ń dúró tì í. Aṣọ ìgbéni tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ arúgbó ní ojú okùn aláwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọ̀ tí ẹ bá fi kọ́ apá ọ̀tún ni ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ́ apá òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, arúgbó á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lókè níbẹ̀. Ẹ wá fi òṣìṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn yan odì sí ìdí ẹ̀rọ yìí ní aago mẹ́fà ìdájí. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ la ẹnu bi èkejì pé àwọ̀ wo lo fi kọ́ ọ. Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ ò tíì dárúkọ ìlú kankan. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí náà ní ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń ka àmì ọjà, tó sì ń ṣírò ìṣẹ́jú tí ẹ fi dúró mí.

Ẹ má fi ìwé ńlá bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àròsọ ọ̀rọ̀ 60,000 ń gba 200 ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ 300 lóòjọ́, àìníṣẹ́ kì í sì í dúró de ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn kúkúrú ọ̀rọ̀ 2,400 ń parí ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ 300 sì ń sún mọ́ ojú ìwé méjì nínú ìwé ìkọ̀wé yẹn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí iná lè lọ nígbàkígbà. Ti wákàtí: ẹni tó bá wà nílé ní ọ̀sán n'Íbàdàn, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Bí ẹ bá sọ pé ìtàn lẹ ń kọ, wọ́n á ní kí ẹ wá bá àwọn da epo sínú jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá sọ pé iṣẹ́ ni, pé aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀ ni, tí ẹ sì jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, wọ́n á fi yín sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú íméèlì tí wọ́n fi lé akọni kúrò. Ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ti bọ́ kí ojú ìwé kìíní tó ṣí, tàbí kí ó má tíì bọ́ títí ìtàn á fi parí. Àárín méjèèjì ni ẹkún ti máa ń gba ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹ kó wà. Èyí tó tẹ̀lé e ni òwe mẹ́rin nínú ìpínrọ̀ kan. Èyí kẹta kò tètè hàn: “A lé e kúrò nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà.” Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ilé-iṣẹ́ lé e ni, tàbí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹ ka ìtàn sínú fóònù, kí ẹ gbọ́ ọ padà nígbà tí ẹ bá ń se ẹ̀wà. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “ẹ” àti “o” náà gba ìrònú. Ọ̀gá ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń pàṣẹ fún bàbá ẹni àádọ́ta ọdún, ní Gẹ̀ẹ́sì, kò bọ̀wọ̀ fún un, kò sì rí i fín. Nínú ìtàn Yorùbá, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Àwa á jẹ́ kí ó máa sọ “o”, kí òǹkàwé gbọ́ ọ bí bàbá náà ṣe ń gbọ́ ọ nínú ikùn rẹ̀.

Bí wọ́n bá fún yín lówó ìpínyà ní UK, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ sí settlement agreement, ìwé àdéhùn tí ẹ fi gbà pé ẹ kò ní pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ìwé yìí kì í múlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gba ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò tàbí agbani-nímọ̀ràn mìíràn tí òfin fọwọ́ sí, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, ó sì sábà máa ń ní ìlà kan tó ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà láìdáa. Ẹ tún un kà kí ẹ tó tẹ ìtàn jáde. Ní ti àwọn tí ẹ tọ́jú, ẹ yí orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn àti ìlú padà, gbogbo rẹ̀ pọ̀; orúkọ nìkan kò tó.

Ẹ lè fi Gboard tẹ Yorùbá lórí fóònù. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan, ege méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àmì fi máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà nínú fọ́ǹtì kan. Noto Serif àti Charis SIL máa ń gbé e dáadáa. Tí ẹ bá ń fi ìtàn ránṣẹ́ sí Àtẹ́lẹwọ́ tàbí ibòmíràn tó ń gba iṣẹ́ Yorùbá, ẹ ka ìlànà wọn lórí iye ọ̀rọ̀, ẹ fi PDF ti Word lẹ́yìn bí wọ́n bá gbà á, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣí fáìlì náà lórí fóònù ẹlòmíràn.