Fáàsì tí mo ní kí ọmọ náà yọ

Ọdún 2017 ni mo ṣí sítúdíò kékeré kan sí ẹ̀yìn Sábó, ní Ìkòròdú. Ẹ má rò ó ní nǹkan ńlá o. Yàrá kan ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tòkúńbọ̀, máìkì kan, àti páálí ẹyin tí mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́yin, tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Tí òjò bá ti ń lu páànù, iṣẹ́ parí nìyẹn. N3,000 ni mo ń gbà lórí orin kan nígbà náà. Ẹni tí kò bá ní, á gbé epo jẹnẹrétọ̀ wá.

Àwọn ọmọ Odóńgúnyán, Àgíríkì àti Ìgbógbo ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, ráàpù ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Ọ̀kan wà nínú wọn, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Ilé-iṣẹ́ kan ní Odóńgúnyán ló ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Kásúà ni, iṣẹ́ òòjọ́ tí kọntiráátọ̀ ń kó èèyàn lọ ṣe. Kò sí ìwé kankan tó o máa fọwọ́ sí, bí o kò bá sì rí géètì wọ̀ lónìí, ó di ọ̀la. Aago méje àárọ̀ báyìí, á ti yà wá láti ibi iṣẹ́, ojú á pọ́n, á na ara sórí bẹ́ńṣì mi títí tí màá fi tan ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé orin kan wá tó ní fáàsì méjì. Àkọ́kọ́, ti Benz àti Dubai ni, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ báyìí:

“Ẹ̀rọ jẹ ìka kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fi àkísà dì í, wọ́n ní ó yá,
Kó tó dé géètì, ẹlòmíì ti bọ́ sáyè ẹ̀, ẹ̀rọ ń ké: ó yá, ó yá.”

Mo dá bíìtì dúró. Mo ní, “Àbúrò, ta ló fẹ́ fowó ẹ̀ gbọ́ ìyà? Èyí tí wọ́n ń jẹ nílé ò tíì tó wọn ni? Yọ ọ́, kọ nǹkan tí wọ́n máa fi jó.” Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, bọ̀ọ̀dá.” Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi kọ mọ́tò mìíràn dípò rẹ̀. Mo gba owó mi.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé ráàpù lè sọ òótọ́ o. Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni mí ní 2009 tí DaGrin gbé àwo rẹ̀ tó pè ní CEO jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ra sídì rẹ̀ ní Bẹ́ńsìn. Bàbá wa bi í pé kí ni CEO, ó ní “Chief Executive Ọmọ Ìta” ni. Ọmọ ìta nìkan ni Bàbá gbọ́, wọ́n ṣẹ́ sídì sí méjì. Wọn ò bi í léèrè pé kí ló dé tí ẹni tí kò ní ọ́fíìsì fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gá àgbà lórí títì. Lóṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e, mọ́tò DaGrin kọlu tírélà tó dúró ní Muṣin, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ọdún 2010. Gbogbo rédíò ń gbé orin rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n, wọ́n ní, “Ọmọ yìí mà gbọ́ Yorùbá o.” Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wo ara wa ni.

Síbẹ̀, nígbà tó kàn mí, ohun tí Bàbá ṣe sí sídì lèmi náà ṣe sí fáàsì ọmọ ẹlẹ́kọ.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú ni owó ilé. Ọmọ kan láti Àgíríkì ń fọ́nnu nínú orin rẹ̀, ó ń ka ohun tó ní: ẹ̀gbà ọrùn, bàtà, ọmọge. Àfi bó ṣe dé orí “mo san owó ilé ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, lanlọ́ọ̀dù dọ̀bálẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó lọ tán ni mo ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, mo wá rò ó pé, olówó wo lẹ gbọ́ rí tó ń fi owó ilé yangàn? Olówó á sọ pé òun kọ́lé. Ẹni tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sí gbangba rí nìkan ló mọ̀ pé kí lanlọ́ọ̀dù má kànlẹ̀kùn fún ọdún márùn-ún, ọrọ̀ ni. Mo bi í nígbà tó padà wá. Ilé mẹ́ta ni wọ́n ti lé wọn kúrò kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Láti ọjọ́ yẹn, mo kì í gbọ́ fáàrí bíi fáàrí mọ́. Ọmọ tó ń kọrin nípa omi gbígbóná nínú báàfù, kànga kan ni gbogbo kọ́ńpáùnd wọn jọ ń fà. Èyí tó ní òun ń jẹun ní họ́tẹ́ẹ̀lì, ẹ wo bó ṣe ń gbá gàrí mi mọ́lẹ̀. Ohun tí kò sí nílé gan-an ni wọ́n ń tò sínú orin, ẹ sì lè fọwọ́ kà á bí ẹni ń ka gbèsè. Ìyá pọ̀ nínú orin wọn ju ohunkóhun lọ: màámi á gúnlé ayọ̀, màámi á sinmi. Bàbá kì í sábà sí níbẹ̀. Èmi kì í béèrè ibi tí ó wà. Mo máa ń dúró ni, nígbà míì fáàsì kẹta ló máa ń dé.

Ọdún tí mo ṣílẹ̀kùn yẹn, ìbẹ̀rù Bàdóò, ẹgbẹ́ apààyàn kan, wà lórí Ìkòròdú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ní 2016 sí 2017 ò ní gbàgbé: wọ́n ń wọlé tọ àwọn ẹbí lórun, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ wọn lórí. A ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú pẹ̀lú àdá. Àmọ́ àwa tí à ń ṣọ́ náà pa ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá ti mọ̀ rí, tó bá tún ṣe dàda tàbí tó fín ara, ó ti gbé nìyẹn. Ọmọ kan wá ká fírísítáìlì lásìkò yẹn, gbólóhùn kan níbẹ̀ kò kúrò létí mi: “Ọlọ́pàá pè mí ní Yàhúù, àdúgbò pè mí ní Bàdóò, màámi nìkan ló rántí orúkọ mi.” Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta lóṣù kẹwàá 2020 nítorí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, tí ìjọba sì kéde lọ́jọ́ 11 pé àwọn ti tú u ká, àwọn àgbà ń bi ara wọn pé níbo ni ìbínú yìí ti wá. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà mi láti ọdún mẹ́ta, èmi ni mo ń gba N3,000 lé e lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé tuntun ni. Ní Bronx, ní New York, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ híìpù-họ́ọ̀pù ní 1973, àdúgbò tí ilé ti ń jóná, tí iṣẹ́ ò sí, ni. Àwa náà ní Èfẹ̀, tó máa ń kọrin òru ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó ń tú àṣírí ìlú lójú ìlú, tẹ́nikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ mú un.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ ṣá. Kì í ṣe gbogbo orin ló jẹ́ dígí. Ọ̀kan wá bá mi pẹ̀lú orin tó ń sọ bí èèyàn ṣe máa fi ọmọge ṣowó, ó ń darúkọ èròjà. Mo ní kó gbé owó rẹ̀. Dígí ò rọ ẹnikẹ́ni pé kó lọ ṣe nǹkan. Kò padà wá mọ́, kò sì dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá bá ìwé orin lábẹ́ tìmùtìmù ọmọ yín, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé ṣé o ń mu igbó. Ẹ mú ìlà kan, kí ẹ bi í bí ẹni ń bèèrè ìtumọ̀ òwe: ta lẹni tó wà níbí yìí? Á kọ́kọ́ ní kò sẹ́nì kankan. Ẹ mú sùúrù. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ sì ń kọ ọ́, bí ẹni tó ń gba ohùn yín bá ní kí ẹ yọ fáàsì kan, ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bébà ẹ̀ nù.

Alẹ́ tí ìròyìn ikú Mohbad olórin kàn, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2023, bí ọmọ mẹ́jọ ló wà ní sítúdíò. Ọmọ Ìkòròdú ni, ọmọ ọdún 27. Ìkòròdú níbí náà ni wọ́n sin ín sí lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n tún hú u jáde lọ́jọ́ 21 kí dókítà lè yẹ òkú náà wò. Kò sẹ́ni tó gba ohùn lálẹ́ yẹn. Orin rẹ̀ là ń gbọ́ lórí fóònù, títí kan èyí tó pè ní Peace. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Gbogbo ohun tó ń sọ yìí, a ti ń jó o tipẹ́.”

Wọ́n lọ tán, mo tan kọ̀ǹpútà, mo ń wá fáàsì ọmọ ẹlẹ́kọ. N kò rí i. Ti Dubai nìkan ni mo pamọ́. Mo pè é. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń wà báyìí. Ó páàkì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó ní òun ò rántí mọ́. Mo ka ìlà méjì tí mo rántí fún un. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ó ní, “Ìka mẹ́ta ni, bọ̀ọ̀dá. Mo dín in kù kó lè bá bíìtì yín mu ni.”