Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná kí n tó dé

Mo pe ẹni tó fẹ́ ta Corolla àkọ́kọ́ tí mo rà pé mo ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Nítòsí Tákíé níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń gbé. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fọ ọkọ̀, ó ń dán, ó sì ti ń dún. Mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná. Mo ní ọkùnrin yìí mà mọ àlejò ṣe o, ó ti bá mi sítáàtì ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo orí mi!

Kò pé oṣù méjì tí èéfín funfun fi ń bo àgbàlá wa láràárọ̀. Ọjọ́ kan tí mo ń lọ sí Ọ̀yọ́, ọwọ́ aago ìgbóná gòkè títí ó fi kan H. Mẹkáníìkì fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ohun tó wà lára ẹ̀ dà bí ẹ̀kọ mímu. Omi ti wọnú ọ́ìlì. Top gasket, ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀ kí omi àti ọ́ìlì má bàa pàdé, ti lọ, ó sì ti ń jò kí n tó rà á. Irú àìsàn yẹn, òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ló máa ń fi ara hàn jù. Tó bá ti gbóná, ó lè sá pamọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ lọ ní ìdájí, ẹ má sì sọ aago tí ẹ ń bọ̀. Tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá gbóná, ẹ padà sílé. Tó bá tutù, ẹ ní kí wọ́n sítáàtì ẹ̀ lójú yín, kí ẹ dúró sẹ́yìn sálẹ́ǹsà. Èéfín tó bá dà bí aró, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Funfun díẹ̀ tó tètè pòórá kì í ṣe nǹkan, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Èyí tí kò dáwọ́ dúró ni kí ẹ sá fún.

Ẹ ka nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà tẹ̀ sí i lára (VIN), kì í ṣe ti pátákó. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, A ni 2010. Wọ́n sọ fún mi pé 2005 ni tèmi. Mo wò ó lẹ́yìn tí owó ti lọ: 3.

Lórí ìtọ́jú, omi kànga ló jẹ mí níyà jù. Òun ni mo ń dà sínú ràdíétọ̀, ìpẹtà sì dí ojú ẹ̀. Mẹkáníìkì tún ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ thermostat yìí, ìlú wa gbóná." Mo gbà. Thermostat yìí ló ń dá omi ràdíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Látìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ń pẹ́ kó tó gbóná dé ibi tó yẹ, epo sì ń lọ bí omi. Nínú ọkọ̀ kejì, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan thermostat mi. Coolant, omi tí wọ́n ṣe fún ràdíétọ̀, nìkan ni mo ń lò. Ó wọ́n, àmọ́ kò wọ́n tó ẹ́ńjìnnì.

Mo tún ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Gbogbo 5,000 kìlómítà ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì, mo sì ń kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú plug, bureeki, àti iye tí mo san. Ìyàwó mi ní mo ti di akọ̀wé mọ́tò.

Nígbà tí mo fẹ́ ta ọkọ̀ kejì yìí, ẹni tó wá rà á kò tilẹ̀ wo ọ̀dà ara ẹ̀ pẹ́. Ó jókòó sórí àga nínú àgbàlá, ó ń ṣí ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó yọ díẹ̀ nínú owó tí mo pè, ó wá bi mí bóyá màá fi ìwé náà kún ọkọ̀.