Jẹ́nẹ́sísì 22: Ẹ Wá Ibi Tí Ìwé Ti Dákẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìtàn Ábúráhámù àti Ísáákì lórí òkè Mòríà ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó lọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nílẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ yẹn gan-an ló ń ṣeni ní jàǹbá. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù títí a fi rò pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló wà nínú ìwé.

Ohun tí iṣẹ́ yìí, ìyẹn wíwo bí àwọn èèyàn ṣe ń túmọ̀ ìtàn yìí láti àtijọ́, kọ́ mi ni pé kí n kọ́kọ́ wá ibi tí ìwé ti dákẹ́. Ìwé ò sọ ọjọ́ orí Ísáákì. Kò sọ bóyá Sárà gbọ́ sí i. Kò sọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá náà fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi rìn. Tí ẹ bá ti mọ àlàfo tí ẹnì kan ń dí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yé yín.

Ẹ mú ti ọjọ́ orí. Ẹni 90 ọdún ni Sárà nígbà tó bí Ísáákì, ó kú ní ẹni 127, ikú rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ orí 23. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, so ìtàn yìí àti ikú náà pọ̀: ìròyìn ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ ṣe ló pa ìyá. Nígbà náà, Ísáákì ti di géńdé ẹni 37 ọdún. Ta ni arúgbó tó ti lé ní 130 ọdún fẹ́ dè mọ́lẹ̀ bí onítọ̀hún kò bá gbà? Lójú wọn, ọmọ náà yege ìdánwò bíi ti bàbá. Ìtumọ̀ àtijọ́ kan ní èdè Árámáíkì tilẹ̀ sọ pé Ísáákì ló bẹ bàbá rẹ̀ pé kó de òun dáadáa, kí òun má baà jà pìtìpìtì kí ẹbọ sì bàjẹ́.

Ẹ tún wo bí Rashi, ọ̀mọ̀wé Júù ará Troyes nílẹ̀ Faransé tó kú ní 1105, ṣe gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kalẹ̀ bí ìtàkúrọ̀sọ. “Mú ọmọ rẹ.” “Ọmọ méjì ni mo ní.” “Ọ̀kan ṣoṣo tí o ní.” “Ọ̀kan ṣoṣo ni kálukú jẹ́ fún ìyá rẹ̀.” “Èyí tí o fẹ́ràn.” “Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì.” “Ísáákì.” Bàbá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀! Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù kan tó tó èyí.

Ọkàn Ábúráhámù ni ìwé Hébérù orí 11 wọ̀ ní tirẹ̀: ó ní ó gbà pé Ọlọ́run lè jí òkú dìde. Láti ibẹ̀ ni àwọn bàbá ìjọ, ìyẹn àwọn olùkọ́ Kìrìsìtẹ́nì àtijọ́ bí Origen àti Augustine, ti ń lọ. Origen rí igi tí Ísáákì rù, ó ní àgbélébùú Jésù nìyẹn. Augustine rí àgbò tó fi ìwo há igbó, ó rántí adé ẹ̀gún.

Ìgbà tí mo dé inú Genesis Rabbah, ìwé àwọn rábì, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ísáákì ru igi “bí ẹni tó gbé àgbélébùú rẹ̀ lé èjìká.” Àwọn Júù ló sọ ọ́ o! Ṣé ìwàásù Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n gbọ́ ni? Ó lè jẹ́. Àmọ́ Róòmù ti kan Júù púpọ̀ mọ́gi, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ẹ má ṣe tètè pariwo pé ẹnì kan jí i kọ. Nílùú Dura-Europos ní Síríà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, sínágọ́gù àti ilé ìjọsìn Kìrìsìtẹ́nì kò jìnnà síra. Wọ́n ya ìtàn yìí sára ògiri sínágọ́gù náà, lókè ibi tí wọ́n ń gbé ìwé Òfin sí. Ábúráhámù kọ ẹ̀yìn sí wa nínú àwòrán náà. A ò rí ojú rẹ̀.

Ẹ máa béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń kà á pẹ̀lú. Ọjọ́ kejì Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn, ni àwọn Júù ń kà á, tí wọ́n ń fun ìwo àgbò, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run tìtorí Ísáákì ṣàánú. Òru Àjíǹde ni ìjọ Kátólíìkì ń kà á. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú Iléyá, Kùránì 37 ni tiyín wà, kò sì dárúkọ ọmọ náà. Ó di ọjọ́ mìíràn.)

Ní 1096, nígbà tí àwọn ajagun ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì dé Mainz ní Jámánì, àwọn Júù kan fi ọwọ́ ara wọn pa ọmọ wọn kí wọ́n má baà fipá ṣe ìrìbọmi fún wọn. Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fi wọ́n wé Ábúráhámù. Kò sí àgbò níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mi ò ti lè fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ pé àwọn Júù ò mọ ìtumọ̀ ìtàn wọn.

Iṣẹ́ tí mo máa fún yín ni ẹsẹ 19: Ábúráhámù padà sọ́dọ̀ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ísáákì dà? Àwọn rábì kan ní ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ṣémù. Àwọn kan tilẹ̀ ní bàbá pa á lóòótọ́, ó sì jíǹde. Ibn Ezra, ọ̀mọ̀wé Júù ará Sípéènì, kọ ìyẹn pátápátá. Ẹ ṣí ìwé àlàyé Bíbélì tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ wò ó bóyá ó tilẹ̀ béèrè.